Wọ́n ní kí n fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù mi tó kọ̀ tí kò tàn: ẹ gbà mí o, ohùn bàbá mi wà nínú rẹ̀

Ìyá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣe ohun tí n óò kábàámọ̀.

Láptọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀ ni mo ń lò, ó ti tó ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ń tẹ máàkì àwọn ọmọ SS2 sínú rẹ̀ lọ́wọ́ ni NEPA bá mú iná wọn lọ. Ìdájí ni wọ́n tó mú un dé. Mo tan ẹ̀rọ: iná rẹ̀ tàn, fáànù rẹ̀ ń fẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: No Bootable Device.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. Kò tilẹ̀ tú u wò. Ó ní Windows ló bàjẹ́, òun máa fọ́máàtì rẹ̀, kí n padà wá gbà á nírọ̀lẹ́. Mo ní àwọn fáìlì mi ńkọ́? Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ò tọ́jú wọn síbòmíràn ni?" Mo gba ẹ̀rọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Fídíò ìsìnkú bàbá mi wà níbẹ̀. Èyí tó tún ká mi lára jù, ohùn bàbá náà fúnra wọn wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa fún àkọ́bí mi lọ́jọ́ ìkómọ. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?

Ẹnjiníà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìnira, màmá. Gbígbà tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ó dára gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín báyìí: ilẹ̀kùn ni Windows, ẹrù inú yàrá ni fáìlì yín. Bí kọ́kọ́rọ́ bá kán sínú ilẹ̀kùn, a kì í sun ilé nítorí ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ yín ń sọ ni pé òun kò rí ibi tí òun yóò ti gbé Windows dìde. Kò sọ pé ẹrù ti sọnù.

Kí a tó dé ibi kankan, ẹ bá mi dáhùn mẹ́ta yìí. Nígbà tí ẹ bá tàn án, ṣé ẹ ń gbọ́ ìró kankan níbi tí háádì dísìkì wà, bíi kí ẹnìkan máa fi èékánná kan tábìlì? Ṣé ó kígbe "bíìpù" kankan? Ẹ sì tẹ F2 léraléra bó bá ti ń tàn, ẹ máa rí ojú ewé kan tó dà bí ti ìgbà láéláé, BIOS nìyẹn, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dìde. Ẹ má yí ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ kàn wo déètì tó wà níbẹ̀ fún mi.

Ọmọ Ifẹ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo kà á níbì kan pé tí èèyàn bá yọ háádì dísìkì, tó fi ọ̀rá wé e, tó gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì, ó máa ń jí.

Bàbá Peckham

Ọmọ Ifẹ̀, jọ̀ọ́, fi fírísà sílẹ̀ fún ẹja. Bí o bá yọ ohun tútù sínú ooru, ìrì máa bò ó. Inú háádì dísìkì, àwo kan ló ń yí níbẹ̀, orí tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré ju eruku lọ. Ìwọ wá fẹ́ da omi sí i.

Èmi ni kí ẹ bi léèrè. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ́-kọ́-kọ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo pa á, mo tàn án, mo pa á, mo tàn án, mo ń gbàdúrà sí i. Ó tó bí ogún ìgbà. Nígbà tí mo fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, orí náà ti ha àwo, gbogbo fọ́tò ìgbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré ti lọ. Wọ́n ní ká ní mo pa á nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ìró yẹn, tí n kò sì tàn án mọ́, ìrètí ì bá wà. Bó bá ti ń kàn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ní yàrá tí kò sí eruku ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ilé rárá.

Ìyá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún àwọn fọ́tò yẹn o.

Ẹnjiníà, mo ti gbé etí lé e. Kò kan ohunkóhun, ó kàn ń dún wùùù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀. Kò ké bíìpù. Mo rí BIOS náà. January 1, 2015 ló wà níbẹ̀. Ṣé ìyẹn ní ìtumọ̀ ni?

Ẹnjiníà Mọ́kọ́lá

Ó ní ìtumọ̀ gidi, màmá! Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré kan wà tó rí bíi kọ́ìnì, CR2032 lorúkọ rẹ̀, fóòtì 3 ni. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú rìmóòtù ọkọ̀. Òun ló ń bá BIOS rántí déètì àti gbogbo ètò tí a ti yàn sí i. Ó dà bíi pé tiyín ti kú. Bátìrì ńlá yín náà ti kú, nítorí náà nígbà tí NEPA mú iná, kò sí ẹni tó ku tó máa bá BIOS rántí ohunkóhun. Ó gbàgbé, ó padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀ tó wà níta, àwa oníṣẹ́ la fi Windows sí wọn ní ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Legacy. Ṣùgbọ́n ètò tí BIOS padà sí ni UEFI, ọ̀nà tuntun. Èyí tó bá wà ní UEFI kì í rí Windows tí wọ́n fi sí Legacy, àfi kó máa sọ pé No Bootable Device. Bó bá jẹ́ òun ni, ìṣẹ́jú méjì la ó fi wò ó sàn.

Síbẹ̀, ẹ má tíì ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Mo ti ṣìnà rí nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ oníbàárà kan jí, inú wa dùn, Windows ní òun fẹ́ yẹ dísìkì wò, mo ní kó máa bá a lọ, àyẹ̀wò yẹn ló sì pa dísìkì tó ti ń kú lọ. Ọdún tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí dísìkì yín ti pọ̀. Èmi kò lè búra fún un.

Ìyá Aláṣọ, Gbági

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tọmọ mi yàtọ̀. Láptọ́ọ̀pù tuntun ni, Windows 11. Wọ́n bá a tún nǹkan ṣe ní BIOS, látìgbà náà ojú rẹ̀ ti di búlúù, ó ń bèèrè nọ́ńbà gígùn kan. Projẹ́ẹ̀tì àṣekágbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èyí mo mọ̀ ọ́n dájú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fírísà. BitLocker nìyẹn. Ó ti fi àgádágodo ti gbogbo dísìkì náà, nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ kan BIOS, ó rò pé olè ni. Nọ́ńbà tó ń bèèrè gùn tó díjíìtì 48. Kí ọmọ yín mú fóònù, kó lọ sí aka.ms/myrecoverykey (bó bá jẹ́ ímeèlì ilé-ìwé ni, aka.ms/aadrecoverykey), kó fi ímeèlì tó kọ́kọ́ fi ṣí láptọ́ọ̀pù náà wọlé. Bó bá bá ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 8 àkọ́kọ́ nínú Key ID tó wà lójú láptọ́ọ̀pù ni kó fi mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tuntun ló ń ti ara wọn báyìí láìjẹ́ kí olówó wọn mọ̀, láti ìgbà Windows 11 ti ọdún 2024 ló sì ti wá gbilẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá sọnù pátápátá, kò sí oníṣẹ́ kankan tó lè ṣí i. Ẹni tó bá ní òun lè ṣí i, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ìyá Aláṣọ, Gbági

Ọmọ mi ti rí i! Ímeèlì ilé-ìwé ló fi ṣí i, òun sì ti ń wá a nínú ímeèlì tirẹ̀. Olúwa á fún ọ lọ́mọ rere, Ọmọ Ifẹ̀.

Bàbá Peckham

Àmín. Mo dárí fírísà jì ọ́.

Ẹnjiníà Mọ́kọ́lá

Ó dáa, màmá Abẹ́òkúta, ó yá. Ọ̀nà méjì ló wà láti kó ẹrù jáde.

Èkíní, kí a yọ háádì dísìkì, kí a fi wáyà tó ń so dísìkì mọ́ USB (SATA sí USB) so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni so fláàṣì. Ti láptọ́ọ̀pù kì í béèrè ju iná USB lọ. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì tóbi, ó nílò fóòtì 12, nítorí náà wáyà tó ní ṣájà tirẹ̀ ni wọ́n ń rà fún un. Tó bá jẹ́ ti ìgbàlódé tó rí pẹlẹbẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ẹ mọ̀ pé irú méjì ló wà, NVMe àti SATA, àpótí kékeré USB tó gba ọ̀kan lè má gba èkejì. Ẹni bá fẹ́ rà á, kó mú dísìkì náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kejì lè jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé "You need to format the disk before you can use it". Ẹ tẹ Cancel. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fọwọ́ ara wọn pa fáìlì wọn níbẹ̀ yẹn, wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ń gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Èkejì ni mo fẹ́ fún yín, nítorí kò gba síkúrú. A ó fi Linux (ètò mìíràn tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows) jí ẹ̀rọ láti orí fláàṣì, láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ yá kọ̀ǹpútà ẹnìkan, ẹ gbé Linux Mint wálẹ̀, ó tó nǹkan bíi GB 3, nítorí náà ẹ wá dátà dè é. Ẹ fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì 8GB. Gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì yẹn máa parẹ́ o, ẹ má lọ lo èyí tí ìbéèrè ìdánwò wà. Ẹ fi fláàṣì náà sínú láptọ́ọ̀pù yín, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F12. Ti HP, Esc ni, lẹ́yìn náà F9. Ti Asus, Esc. Ẹ yan fláàṣì náà. Bó bá ti ṣí tán, ẹ máa rí àmì kan tó ní Install Linux Mint. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí Computer, dísìkì yín máa wà níbẹ̀, ẹ wọ Users, ẹ wọ orúkọ yín.

Ìyá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, o ṣe é. Mo máa yá ti ọ̀gá ilé-ìwé wa lọ́la. Kí ni mo máa kó o sí? Mo ní fláàṣì 64GB kan.

Ọmọ Ifẹ̀

Ẹ wò ó mà, fídíò ìsìnkú yẹn, ó ṣeé ṣe kó ju 4GB lọ. Bí fláàṣì yẹn bá wà ní FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ tí fláàṣì fi ń to fáìlì), kò ní gbà á, á máa sọ pé fáìlì ti tóbi jù kódà bí àyè ṣì pọ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di exFAT, tó ń gba fáìlì ńlá, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá yín. Tó bá sì ṣeé ṣe, ẹ yá dísìkì USB tó tóbi.

Bàbá Peckham

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn bàbá, ẹ̀yin ìyá wa. Èyí tí ẹ kò lè rí rà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ má kàn gbá gbogbo Users mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá há síbì kan, ẹ kò ní mọ èyí tó wọlé.

Ẹ sì má ṣe é pẹ̀lú iná NEPA lásán, ṣé bátìrì ẹ̀rọ yín ti kú. Ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tó dúró ṣinṣin. Bí iná bá já nígbà tó ń kọ nǹkan sórí fláàṣì, fláàṣì náà lè dàrú.

Ìyá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín. Mo wọlé! F12 ni ó gbọ́. Nígbà tí mo rí orúkọ mi nínú Users, mo kígbe débi pé ọmọ mi sáré wọlé. Ohùn bàbá mi ti wà lórí fláàṣì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Máàkì ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò ìsìnkú dé ìdajì, ó dúró. Ó wà lójú kan náà fún ogún ìṣẹ́jú, háádì dísìkì wá ń dún bí ẹni ń họ nǹkan. Mo pa gbogbo rẹ̀.

Ẹnjiníà Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣe dáadáa pé ẹ pa á. Ẹ rí i báyìí ìdí tí mo fi ní kí a má kánjú sí BIOS. Dísìkì náà ní ojú ọgbẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe CHKDSK lórí rẹ̀. Iṣẹ́ CHKDSK ni láti tún ìwé àkójọ dísìkì ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti gba fáìlì là, ó sì máa ń lo dísìkì tó ń ṣàìsàn nílòkulò. Ohun tí a ń lò ni ddrescue. Ó máa ń kọ́kọ́ gbá ibi tó dára jọ, á fo ibi tó ní ọgbẹ́, á padà wá gbìyànjú èyí tó ṣòro níkẹyìn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó ní ìwé kékeré kan tó fi ń sàmì síbi tó dé. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ tún pàṣẹ kan náà, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é.

Odidi dísìkì ló máa kó, nítorí náà ibi tí ẹ ń kó o sí gbọ́dọ̀ tóbi ju dísìkì yín lọ. Àṣẹ náà rèé, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ fi máa fi àwòrán ohun tí lsblk (àṣẹ tó ń to orúkọ gbogbo dísìkì, bíi sda) gbé jáde ránṣẹ́ sí mi:

sudo ddrescue -d -r3 /dev/sda /media/mint/USB/disiki.img /media/mint/USB/disiki.map

Bí ẹ bá ṣi sda mú, tí ẹ gbé orísun sí ipò ibi ìkósí, tí ẹ sì fi --force kún àṣẹ náà, ẹ lè fi òfìfo bo ẹrù yín. Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ibí yìí nìkan ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ká ní ọmọkùnrin yẹn ti fọ́máàtì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé gbogbo rẹ̀ máa ti lọ?

Ẹnjiníà Mọ́kọ́lá

Fọ́máàtì kíákíá lórí háádì dísìkì, ìwé àkójọ ló máa ń ya. Fáìlì ṣì máa wà nísàlẹ̀, PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù, lè hú wọn jáde, àmọ́ láìní orúkọ, o máa bá ẹgbẹ̀rún fáìlì tí wọ́n ń jẹ́ f nọ́ńbà, f nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́máàtì nìkan ni wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á da Windows tuntun lé e lórí, ohun tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́. Tó bá wá jẹ́ SSD, dísìkì ìgbàlódé tí kò ní àwo tó ń yí, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. SSD máa ń gbá ibi tí wọ́n ní kò sí nǹkan mọ́ dànù fúnra rẹ̀, kì í dúró dè ọ́.

Ìyá Aláṣọ, Gbági

Èmi náà ti kọ́ ọgbọ́n kan o. Ṣájà láptọ́ọ̀pù mi kò wọlé mọ́, mo fẹ́ gbé e lọ ṣe. Ọmọ mi ní kí n yọ háádì dísìkì sílé kí n tó gbé e lọ, pé kí ni oníṣájà fẹ́ fi fáìlì mi ṣe.

Bàbá Peckham

Ọmọ yẹn gbọ́n jù wá lọ.

Ìyá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ó parí láàárọ̀ yìí. Alẹ́ méjì ló gbà, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ìgbà tó bá dé ni ddrescue ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé. Ẹnjiníà bá mi wo lsblk, èmi náà wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó tẹ Enter. Fídíò náà ṣí. Ibì kan wà tí àwòrán fọ́ yángayànga fún bíi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, níbi tí àbúrò bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ gígùn kan. Kò dùn wá jù.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ BIOS, mo yí i sí Legacy, mo tún déètì ṣe. Windows dìde wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkankan. Ẹnjiníà, ó ní kí òun yẹ dísìkì wò. Mo kọ̀ fún un.

Ẹnjiníà Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, màmá. Dísìkì yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fi nǹkan pàtàkì sí i mọ́. Ẹ ra SSD kékeré kan, kí ẹ wá fọ́máàtì ohun tó bá wù yín. CR2032 yẹn, ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú wáyà méjì, pupa àti dúdú. Èyí tó ní wáyà ni kí ẹ rà. Ẹ yọ ṣájà àti bátìrì ńlá kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ìgbàkígbà tí iná bá tún lọ, BIOS á tún gbàgbé.

Ìyá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ọmọkùnrin àdúgbò wa rí mi pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù náà nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ní, "Màámi, ó ti jí! Ta ló bá yín fọ́máàtì rẹ̀?"